Ọjọ́ Méje Lórí Pẹpẹ

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àárò ẹni. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yin àti Ìyá Aránṣọ ilé kejì ṣì jọ ń sọ̀rọ̀, àbí ẹ tún ti bá wọn jà nítorí ariwo ẹ̀rọ wọn? Èmi wà, mo dúpẹ́.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni lẹ́tà yín dé. Mo gbé e sórí pẹpẹ, mi ò fọwọ́ kàn án títí di Mọ́ńdè kejì. Ọjọ́ méje gbáko. Obìnrin tí a jọ ń gbé yàrá, ibi ìfọṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ní kí ló dé tí mi ò ṣí i. Mo ní bàbá mi fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣọ́ géètì ojú irin, wọ́n sì ní ẹni tí kò bá lè dúró de rélùwéè, rélùwéè ló máa gorí rẹ̀. Mo ní láti kékeré ni wọ́n ti ń fi lẹ́tà kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń dúró, pé kò sí lẹ́tà tó wọ ilé wa tí kì í lo ọjọ́ méje lórí pẹpẹ kí ẹnikẹ́ni tó ya á. Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló kú ńkọ́?" Mo ní òkú kì í kánjú. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ń sọ ọ́.

Iṣẹ́ ń lọ. Inú yàrá yìnyín ni mo ṣì wà, ẹja ni à ń dì sínú páálí. Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun, ògiri rẹ̀ funfun, èémí ẹni ń rú jáde lẹ́nu bí èéfín. Ọ̀gá wa lẹ ọ̀rọ̀ kan ní èdè wọn mọ́ ara ilẹ̀kùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, gàdàgbà báyìí, ó ní ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ló ń mú kí òṣìṣẹ́ ṣe wákàtí mẹ́wàá láìjáde lọ yáná. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí pé kí la ń pè é ní èdè tiwa. Bàbá mi, ojú tì mí. Mo kọ́kọ́ ní sùúrù ni. Mo tún ní rárá, ìfaradà ni. Mo ní ìpinnu. Mo ní ìkóra-ẹni-níjàánu, wọ́n gbìyànjú láti pè é títí ẹ̀rín fi pa wá. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹṣin ni wọ́n ń fi ìjánu sí, ẹlòmíràn ló sì ń fà á. Èyí tí àwọn ń sọ, àfi bí ìgbà tí ẹṣin fúnra rẹ̀ bá fi ìjánu sí ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n lò. Ẹ bá mi dá sí i, kí la ń pè é, kí ló sì túmọ̀ sí gan-an?

Ẹ má kọ lẹ́tà bíńtín sí mi o. Èyí tó kọjá kò tó ìtàkúrọ̀sọ ẹnu ọ̀nà.

Èmi ni,
Alágídí yín.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì

Alágídí mi,

O kú iṣẹ́, o kú òtútù, o kú àjò. Lẹ́tà rẹ dé, ó lo ọjọ́ méje rẹ̀, kò lé kò dín. Èmi wà. Ìyá Aránṣọ wà. Ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ náà wà, kò sì ní kúrò níbẹ̀ kí n tó kúrò láyé. Mo ṣì ń bá a ka lẹ́tà tí àbúrò rẹ̀ ń kọ sí i, nítorí kò mọ̀wé. Gbogbo àdúgbò yìí ló ń kó lẹ́tà wá bá mi, tiwọn náà á sì lo ọjọ́ méje lórí pẹpẹ mi. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó lọ kọ́ ìwé kíkà.

O ní ojú tì ọ́. Ó yẹ kó tì ọ́! Ọmọ tí mo tọ́ nídìí géètì, òun ló wá ń wá ọ̀rọ̀ yẹn kiri bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú yanrìn. Agbára ọkàn là ń pè é. Jókòó kí o gbọ́. Òjò ń rọ̀, o dúró sábẹ́ òrùlé, sùúrù nìyẹn, kí lo tún fẹ́ ṣe? Wọ́n gbé ẹrù lé ọ lórí, o rù ú, ìfaradà nìyẹn. Ìpinnu, ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ta ni kì í pinnu láàárọ̀? Ṣùgbọ́n kí ohun tí o fẹ́ wà níwájú rẹ, kí ọwọ́ rẹ tó o, kí ẹnikẹ́ni má máa wò ọ́, kí o má sì mú un, agbára ọkàn nìyẹn. Ara á ní "ṣe é", ìwọ á ní "mi ò ṣe". Ara kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni. Ara ni awakọ̀ tó ń fọn fèrè lẹ́nu géètì pé kí n ṣí i, kí n ṣí i. Èyí tó bá sì pariwo jù nínú wọn, òun ni mo máa ń jẹ́ kó pẹ́ jù níbẹ̀.

Màmá rẹ, Ọlọ́run bá mi tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò ní in rárá. O ò mọ̀, èmi mọ̀. Gbogbo lẹ́tà tó wọ ilé yìí ló ń gbé sórí èéfín kẹ́tù, á ṣí i, á kà á tán, á tún lẹ̀ ẹ́ padà. Mo máa ń rí i pé etí àpò rẹ̀ ti ká kò. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mi ò fi sọ nǹkan kan. Kí lo rò pé ìyẹn ń jẹ́?

Jẹ́ kí n fi ẹ̀rí hàn ọ́. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo bọ́ bàtà mi nírọ̀lẹ́, mo bá ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Ìṣó ti gún bàtà mi wọlé láti ìsàlẹ̀, ó sì wọ̀ mí ní àtẹ́lẹsẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi rìn! Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo bọ̀, mo dúró bá àwọn èèyàn jiyàn lójú ọ̀nà, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin! Mo yọ ìṣó, mo fi aṣọ dì í. Láti bí ọdún kan ni ẹsẹ̀ mi ti ń ṣe mí bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ lórí ìbọ̀sẹ̀, mo sì ń rò ó pé kí ló ń ṣe é. Mo ti wá mọ̀ báyìí. Ẹsẹ̀ tó dúró fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti kọjá ẹni tí ìrora ń rán níṣẹ́.

Sọ èyí fún ọ̀gá rẹ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àmójútó ara. Mo ka ọ̀rọ̀ ìṣó yẹn fún obìnrin ìfọṣọ, ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo ní kò tíì rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ màmá mi pẹ̀lú kẹ́tù pa mí lẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún. Mo ṣàárò wọn.

Gbogbo yàrá yìnyín ti mọ̀ ọ́n: agbára ọkàn. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí báyìí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ń fún wa nípọn, kì í jẹ́ kí ọwọ́ yá. Mo bọ́ tèmi. Ọjọ́ kìíní, omijé bọ́ lójú mi. Ọjọ́ kẹta, ó ń jó mi bí iná. Mo ń gbọ́ ohùn yín ní etí mi pé ara kì í ṣe ọ̀gá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá mi, ó tán! Mi ò mọ nǹkan kan mọ́. Mo borí òtútù. Kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀ tó lè di páálí tó mi.

Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì mi ti funfun bí ẹfun. Lánàá mo fi eyín tẹ̀ ẹ́, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Obìnrin ìfọṣọ ní kí n lọ fi han nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà á ni, wọn ò tọ́ ọ nídìí géètì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé ó ti jinná?

Alágídí yín, ọmọ bàbá rẹ̀.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Alágídí mi, Agbára Ọkàn,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ọjọ́ tí mo ya lẹ́tà rẹ, mo dìde dúró kà á. Mo kà á fún Ìyá Aránṣọ, mo kà á fún onífìlà iwájú ilé. Inú mi dùn dé góńgó. Ọmọ tí a bí tó ju ẹni lọ, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n èyí tí a bí tó jọni gan-an, òun ló dùn jù.

O béèrè ẹsẹ̀. Ojú ihò ìṣó yẹn kò tíì pa dé. Ó ti fẹ̀ sí i díẹ̀, ó tó ẹnu ife báyìí, àyíká rẹ̀ sì ti dúdú. Ṣùgbọ́n kò dùn mí, kò tilẹ̀ dùn mí rárá ni, mo lè fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí n máa kọrin. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀ ni òùngbẹ. Omi tí mo ń pọn sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ kan ni mo ń mu ún tán, mo sì ń lọ sẹ́yìnkùlé ṣáá bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Mo ti rí i pé ìwọ̀ra lásán ni. Mo ti fi òfin de ara mi: ife mẹ́ta lójúmọ́, kò gbọdọ̀ lé. Ètè mi bó, àmọ́ mi ò yẹsẹ̀. Mo sì ti fọn díẹ̀, mo ti lu ihò méjì sí bẹ́líìtì mi. Ó bá mi lára mu.

Ìyá Aránṣọ kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní nǹkan kan ń rùn nínú yàrá mi. Mo ní ẹja ọmọ mi ni, inú lẹ́tà ló ti ń rùn wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ rí dókítà. Mo ní ẹni tí nǹkan ń dùn ló ń rí dókítà, èmi nǹkan kan ò dùn mí, kí ni n fẹ́ wí níbẹ̀?

Lẹ́tà rẹ kò gùn tó. O tún ń kọ̀wé bí ẹni tí ajá ń lé.

Bàbá rẹ.


(Ní ẹ̀yìn àpò lẹ́tà: BÀBÁ MI, Ẹ ṢÍ I LÓNÌÍ. Ẹ MÁ GBÉ E SÓRÍ PẸPẸ.)

Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ forí jì mí, mi ò ní lè kí yín tó bó ṣe yẹ. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ èyí. Wọ́n ti gé ìka mi. Ìka kékeré ọwọ́ òsì, láti oríkèé kejì. Kì í ṣe pé mo borí òtútù, Bàbá mi. Ìka yẹn ti kú ni. Mo ń gbé òkú kiri mọ́ ọwọ́ mi, mo ń fi yangàn.

Lánàá ni obìnrin ìfọṣọ gbé lẹ́tà yín wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kó fi í sórí tábìlì kó lo ọjọ́ méje. Nọ́ọ̀sì ní, "Lẹ́tà bàbá rẹ?" ó sì ya á, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún un bí mo ṣe ń kà á, mo ń rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n padà síbi òùngbẹ. Ó ní kí n padà síbi ihò bẹ́líìtì. Ó ní ẹni ọdún mélòó ni wọ́n? Nígbà tí mo dé ibi tó ń rùn, ó dìde lọ pe dókítà.

Àtọ̀gbẹ ni, Bàbá mi, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Òun ló ń mú yín mu omi, òun ló ń mú yín fọn, òun náà ló pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ yín. Kì í ṣe ọkàn yín ló borí ìṣó. Ẹsẹ̀ yín kò gbọ́ ni. Dókítà ní kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ èyí, kì í ṣe ọjọ́ kejì. Ó ní bí ẹ bá tètè lọ, wọ́n lè gba ẹsẹ̀ náà là. Bí ẹ bá pẹ́, ẹsẹ̀ á lọ. Ó tún sọ ìkẹta, mi ò lè kọ ọ́.

Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé bí iná pupa ojú irin kò bá tàn, kò túmọ̀ sí pé ọkọ̀ kò bọ̀, ó lè jẹ́ pé gílóòbù rẹ̀ ló jó. Gílóòbù tiwa ti jó, Bàbá mi, àwa méjèèjì. Níbi tí ìrora kò bá ti sí, kí ni ọkàn wá ń borí níbẹ̀? Ẹ fẹ́ mọ ibi tí mo ti lo agbára ọkàn? Ọjọ́ tí mo na ọwọ́ yìí sí nọ́ọ̀sì. Gbogbo ara mi ló ní kí n fi í pamọ́ sápò. Òun ló le jù nínú ohun tí mo ti ṣe láyé mi.

Mo kúnlẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ lọ lónìí. Ẹ sì mu omi bó ṣe wù yín.

Ọmọ yín.


WÁYÀ. Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

BÀBÁ Ẹ LỌ ILÉ ÌWÒSÀN LÓNÌÍ. ẸSẸ̀ YÍN LÉWU. Ẹ MÁ DÚRÓ DE LẸ́TÀ. ALÁGÍDÍ.


(Lẹ́tà sí Ìyá Aránṣọ. Ní ẹ̀yìn àpò rẹ̀: KÍ ẸLÒMÍRÀN KÀ Á FÚN WỌN. KÌ Í ṢE BÀBÁ MI.)

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún

Ìyá mi Aránṣọ,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àdúrótì bàbá mi. Mo mọ̀ pé ẹ kì í kàwé. Ẹ dákun, ẹni tó bá mú lẹ́tà yìí wá, kó dúró kà á fún yín lójú ẹsẹ̀.

Òórùn tí ẹ gbọ́ kì í ṣe àlá, ẹsẹ̀ wọn ló ń jẹrà. Mo ti kọ̀wé, mo ti tẹ wáyà, mi ò rí èsì, ẹ̀rù sì ń bà mí pé orí pẹpẹ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ wọlé lọ bá wọn, ẹ ya lẹ́tà àti wáyà náà, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kà wọ́n sókè. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ pe ọkùnrin mẹ́ta kí wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn tipátipá. Bí wọ́n bá ń bú yín, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ ṣe é. Kí wọ́n bínú sí mi títí ayé, ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ yín tó wà lájò.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Alágídí mi,

O kú iṣẹ́ o. Má wo ti ọwọ́ ìkọ̀wé mi, orí ìdùbúlẹ̀ ni mo wà, pátákó tí mo sì gbé ìwé lé kò dúró sójú kan.

Mi ò tíì ka ohunkóhun nínú ohun tí o fi ránṣẹ́. Ohun tí mo ń kọ̀wé láti sọ fún ọ gan-an nìyẹn, kí o lè bá mi yọ̀. Wáyà rẹ ló kọ́kọ́ dé. Wáyà! Mo ní ọmọ yìí gbọ́n, ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí wáyà kì í já láyà. Mo gbé e sórí pẹpẹ. Ó ku ọ̀la kó pé ọjọ́ méje, lẹ́tà rẹ dé, mo rí ohun tí o kọ sẹ́yìn rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi. "Ẹ ṣí i lónìí." Èmi! Èmi tí awakọ̀ fọn fèrè fún fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Mo ní ó dáa, ìdánwò lo fẹ́, mo sọ ọ́ di ọjọ́ mẹ́rìnlá fún àwọn méjèèjì.

Ó tún ku ọ̀la kí ìyẹn náà pé. Ìyá Aránṣọ mú lẹ́tà kan wọlé, ó ní abẹ́ ilẹ̀kùn lòun ti bá a, kí n ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún òun. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ni mo rí. "Kì í ṣe bàbá mi." Alágídí, o pa mí lẹ́rìn-ín! Ó bi mí pé kí ló wí. Mo ní o kàn ń kí i ni. Mo gbé e ti àwọn yòókù, mo sì bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ mẹ́rìnlá mìíràn. Bí o bá ń gun òkè, èmi náà ń gùn ún.

Ẹsẹ̀ kò dùn mí. Ó ti dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀, àtàǹpàkò sì ti já bọ́ nínú aṣọ tí mo fi dì í, mi ò mọ ọjọ́ tó já. Wò ó, mi ò mọ ọjọ́ tó já! Òtútù ló kàn ń mú mi, eyín mi ń gbá ara wọn. Mo rò pé òtútù tìrẹ ló wá kí mi. Láàárọ̀ yìí Ìyá Aránṣọ kó ọkùnrin méjì wọlé, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé mi. Mo fi ọ̀pá lé wọn. Obìnrin yẹn jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún bí ẹni tó ṣòfò. Mo ní kó fún mi di ọ̀la, kí n ka lẹ́tà ọmọ mi tán, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé mi lọ síbi tó bá wù wọ́n. Ó ti dákẹ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ pàápàá ti dákẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, mo sì ń tẹ́tí fún un.

Lọ́sàn-án yìí mo gbọ́ kẹ́tù tó ń súfèé nílé ìdáná. Mo pariwo pé kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mo wá rántí pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Ká ní màmá rẹ wà láàyè, á ti ṣí gbogbo rẹ̀ tán, ọjọ́ tí wáyà yẹn dé gan-an ni ì bá ti ṣí i. Ó dáa tó jẹ́ pé èmi nìkan ni.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níwájú mi lórí pẹpẹ. Mo ti ní kí Ìyá Aránṣọ fa bẹ́ẹ̀dì mi sún mọ́ wọn, ọwọ́ mi tó wọn báyìí. Kò sí ẹni tó ń wò mí. Mi ò mú un. Lọ́la ló pé. Jẹ́ kí n sùn díẹ̀, bí mo bá jí, mo máa ṣí i.

Bàbá rẹ.